Ìjà lọ́kọláya tó ń gbé tọkùnrin tobìnrin dé ẹ̀wọ̀n

Lóṣù kejì ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ ikú fún ọkùnrin kan tó gún ìyàwó rẹ̀ pa ní Ìsọlọ̀ lọ́dún 2011. Ohun tó rò níwájú adájọ́ ni pé ìyàwó náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gún ara rẹ̀. Adájọ́ kò gbà á gbọ́. Ní Ìbàdàn, obìnrin agbẹjọ́rò kan ló gba ẹ̀wọ̀n ọdún méje lóṣù kọkànlá ọdún 2017 nítorí ikú ọkọ rẹ̀.

Irú ẹjọ́ báyìí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ jáde. Aládùúgbò á ti gbọ́ igbe títí, ẹbí á ti parí ìjà títí, wọn á ní kí ìyàwó padà sílé ọkọ rẹ̀, kó lọ mú sùúrù. Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìparíjà rí mọ̀ pé ìyàwó ni wọ́n sábà máa ń ní kó kúnlẹ̀.

Àwọn obìnrin pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2008, obìnrin 43 nínú 100 ló sọ pé ìdí wà tí ọkọ fi lè na ìyàwó: bóyá ọbẹ̀ jóná, bóyá ó jáde láìsọ fún ọkọ, bóyá ó bá a jiyàn. Nígbà tó fi di ọdún 2018, iye náà ti wálẹ̀ sí 28. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé iye ọkùnrin tó gbà bẹ́ẹ̀ kò tó ti obìnrin.

Èrò yìí kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọkùnrin tó bá gbà pé ìyàwó òun ló fà á lè ṣẹ̀wọ̀n tán kó ṣì máa wí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ti lù fún ọ̀pọ̀ ọdún lè má mẹ́nu kàn án rárá, torí ó ti ka lílù mọ́ ohun tí ìgbéyàwó ń bá rìn. Bíi 2 nínú 100 ẹlẹ́wọ̀n Nàìjíríà ni obìnrin, ó sì rọrùn kí á gbàgbé wọn.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n ń pè ní Bangkok Rules. Ó ní kí wọ́n yẹ obìnrin tó bá wọ ẹ̀wọ̀n wò, kí wọ́n mọ̀ bí wọ́n bá ti ṣe é léṣe tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè gbé ẹni náà lọ sílé ẹjọ́. Láti ọdún 2019 ni òfin wa náà ti ní ọgbà àtúnṣe ìwà ni kí á máa pe ẹ̀wọ̀n. Bó bá jẹ́ àtúnṣe lóòótọ́, ó yẹ kí wọ́n bi ọkùnrin pẹ̀lú nípa ọwọ́ tó ń gbé sókè nílé.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 ní ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún mẹ́ta, tàbí kó san owó ìtanràn tó N200,000, tàbí méjèèjì. L'Ékòó, òfin ọdún 2007 fún ẹni tí wọ́n ń lù láǹfààní láti gba àṣẹ ààbò nílé ẹjọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dórí ọ̀bẹ. Bí kò bá lè lọ fúnra rẹ̀, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká lára lè bá a lọ.