Rọ́bà inú iṣan ọrùn: ohun tó yẹ kí ẹbí aláìsàn mọ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tí àìsàn kíndìnrín ń bá fínra ní ìpínlẹ̀ Borno àti Yobe ló ń gba ìlú Maiduguri lọ fún ìtọ́jú, pàápàá ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Fásitì Maiduguri, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983. Àwọn kan ń ti agbègbè Gashua wá, níbi tí àìsàn náà ti gbilẹ̀.

Kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tó dé, ó lè ti nílò fífọ ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń so iṣan apá pọ̀ fún fífọ ẹ̀jẹ̀ máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó ṣeé lò. Nítorí náà, dókítà a ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, láti ọrùn tàbí láti orí itan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lágbàáyé, orí ibùsùn ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe ní yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ǹjẹ́ ewu wà níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ lè ṣì wọ iṣan mìíràn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn. Ó lè gún ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ lè gba ẹnu rọ́bà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí pẹ̀lú lè gba ojú ibẹ̀ wọlé, kó sì ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ títí tí yóò fi gba ẹ̀mí.

Ṣùgbọ́n ewu yìí ṣeé dín kù. Ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà, Dókítà Peter Pronovost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun márùn-ún lélẹ̀: kí dókítà fọ ọwọ́, kó fi oògùn apakòkòrò nu awọ ara, kó wọ aṣọ, ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ tó mọ́, kó sì da aṣọ mímọ́ bo aláìsàn, kó yẹra fún orí itan bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sì yọ rọ́bà náà kúrò ní kété tí kò bá wúlò mọ́. Nọ́ọ̀sì ní àṣẹ láti dá dókítà dúró bó bá fo ọ̀kan. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé àkóràn náà dín kù tó ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù 18.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún tún lè fi ibi tí iṣan wà han dókítà. Òótọ́ ni pé Maiduguri pẹ́ nínú òkùnkùn lẹ́yìn tí àwọn agbésùnmọ̀mí ba òpó iná ńlá jẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára ẹ̀rọ náà ń lo bátìrì, ọwọ́ fífọ̀ kò sì nílò iná.

Kí ni ẹbí lè ṣe?

Ẹ béèrè bóyá ẹni tó ní ìrírí ni yóò ṣe é, àti bóyá wọn yóò ya àwòrán X-ray lẹ́yìn tí wọ́n bá fi í sí ọrùn. Lójoojúmọ́, ẹ béèrè bóyá rọ́bà náà ṣì wúlò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi kàn án. Bí ara aláìsàn bá gbóná, tí òtútù ń mú un, tàbí tí ojú ibẹ̀ ń ṣọyún, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì kíákíá.

Kò sí àrífín nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.