Bí Igi Ṣe Ń La Ọyẹ́ Já

Ọ̀rọ̀ igi ni a fẹ́ sọ lónìí.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ètè wa a máa bó, gìgísẹ̀ wa a máa là. A ó fi òrí para, a ó mu omi, ara á sì rọ̀ wá. Ṣùgbọ́n igi kò lè rìn lọ sí odò. Síbẹ̀, bí òjò bá padà dé, igi a tún rúwé. Ọgbọ́n wo ló ń dá?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ń gbà jáde lára igi. Ihò kéékèèké wà lára ewé. Ojú wa kò lè rí wọn. Ibẹ̀ ni igi fi ń mí, ibẹ̀ náà ni omi ń gbà sá lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi a tètè sá lọ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì gbẹ púpọ̀, nítorí láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀.

Igi ní ọgbọ́n mẹ́rin.

Èkíní, igi a wọ́wé. Ẹ wo igi oṣè. Kò ní ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n omi wà nínú ara rẹ̀ tó tóbi. Ẹ̀gẹ́ náà a máa pa ihò ewé rẹ̀ dé, a sì máa gbọn ewé dànù.

Èkejì, òmíràn a sá pamọ́ sínú ilẹ̀. Okùn iṣu a gbẹ, ṣùgbọ́n iṣu kò kú. Ó ń sùn ni. Bí àkókò bá tó, á ta.

Ẹ̀kẹta, gbòǹgbò igi òrí àti ti igi igbá a wọlé jìn láti wá omi.

Ẹ̀kẹrin, igi òrí wọ aṣọ tó nípọn. Èèpo rẹ̀ ni aṣọ náà. Iná ìgbẹ́ kì í tètè jó o wọnú.

Ní ilẹ̀ Faransé àti ní Kánádà, òtútù ni ọ̀tá igi. Omi a máa di yìnyín níbẹ̀. Bí yìnyín bá wà nínú ara ewé, á ya á. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ igi ibẹ̀ a wọ́wé kí òtútù tó mú. Wọ́n a tún kó ṣúgà jọ sínú ara wọn, nítorí omi tó ní ṣúgà kì í tètè di yìnyín. Igi wọn àti igi wa, kí ọ̀tá tó dé ni wọ́n ti ń múra.

Ṣùgbọ́n igi kékeré kò tíì lágbára. Kajú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò ní gbòǹgbò jíjìn, èèpo rẹ̀ kò sì nípọn. Iná ọjọ́ kan lè ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́. Nítorí náà:

1. Ẹ ro ilẹ̀ yí oko ká kí ọyẹ́ tó le, kí iná má baà rí ọ̀nà wọlé.

2. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí igi kékeré àti orí ebè, kí omi má baà tètè gbẹ. Kí koríko náà má ṣe kan ara igi.

3. Ẹ má ṣe gé igi nítorí pé kò ní ewé. Ẹ fi èékánná họ ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ èèpo bá tutù tó sì ní àwọ̀ ewé, igi náà wà láàyè.

4. Bí ẹ bá ń bó èèpo fún egbòogi, ẹ má ṣe bó o yí igi ká. Inú èèpo ni oúnjẹ ń gbà láti ewé dé gbòǹgbò. Bí ọ̀nà náà bá gé, igi á kú.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín:
Ibo ni omi ń gbà jáde lára igi?
Kí ló dé tí igi oṣè fi ń wọ́wé?
Ta ni yóò ro ilẹ̀ yí oko yín ká lọ́dún yìí, ọjọ́ wo sì ni?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé. Ó dìgbà kan ná.