Ẹ̀kọ́ Àgbà àti Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Nàìjíríà: Ìkáwọ́ Ta Ni Wọ́n Wà?

Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pín iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan jẹ́ tirẹ̀ gan-an: ọjà, ibi ìsìnkú, òpópónà àdúgbò àti irú wọn. Nínú àwọn yòókù, yóò kàn bá ìjọba ìpínlẹ̀ kópa ni, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà. Ọ̀rọ̀ náà, "kópa", ni ó yẹ kí a tẹjú mọ́, nítorí Àfikún yìí kò sọ ibi tí ìkópa ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tí ó parí sí, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ẹni tí yóò san owó oṣù olùkọ́.

Ní ti àwọn ọmọdé, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 dí àlàfo yìí dé ìwọ̀n kan. Ó sọ ilé-ìwé di dandan fún wọn, ó sì ya ó kéré tán ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni pé ìtumọ̀ tí òfin kan náà fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kó mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà àgbà àti ìkọ́ṣẹ́ mọ́ ọn. Àgbà wà nínú ìtumọ̀. Kò sí nínú dandan. Òótọ́ ni pé abala 18 ìwé òfin 1999 ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àgbà níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n abala 6 kò gbà kí a pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin ẹni ogójì ọdún tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, tí kò sì lè ka nọ́ńbà ara téèpù. Lójú tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó ń wá. Lójú ìjọba àpapọ̀, ọ̀tọ̀ ni àjọ NMEC tí ń ṣètò mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, lábẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ọ̀tọ̀ ni NDE tí ń fi ọmọṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, lábẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀tọ̀ sì ni ITF, tí owó rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ wá. Ìjọba tí ó sún mọ́ ilé rẹ̀ jù lọ ni a ní kí ó kàn kópa.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí àpò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni ìdájọ́ náà yanjú. Kò tún "kópa" túmọ̀. Alága tí ó bá fẹ́ ṣí kíláàsì alẹ́ sínú ọjà lè pàṣẹ lórí ọjà náà. Lórí kíláàsì, ó ṣì di dandan kí ó bá ìpínlẹ̀ sọ̀rọ̀.