Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ohun tí ìpayà ń ṣe nínú ara wa

Bí ọ̀kadà bá ṣàdédé já lù yín lójú títì, kí ẹ tó ronú, ara ti gbáradì. Ọpọlọ ti ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara kéékèèké méjì tó wà lórí kíndìnrín, wọ́n ti tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkìkì, ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sá. Dídà oúnjẹ á falẹ̀ ná. Ẹni tó ń gbọ̀n kì í ṣe ojo, ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ewu kọjá, ara rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè àti owó ilé kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Àníyàn wọn á mú kí èròjà ara mìíràn tí wọ́n ń pè ní cortisol pọ̀ lára fún ìgbà pípẹ́, oorun á dá, ẹ̀jẹ̀ lè máa ru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò.