Wọ́n kọ HD sára páálí, àmọ́ ojú Àǹtí Àgbà ò hàn

Ọdún Àjíǹde tó kọjá, gbogbo wa pé sílé bàbá wa àgbà ní Ìlọrà, a ní ká wo fídíò ìsìnkú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n 4K wálé. Wọ́n kọ "HD" gàdàgbà sára páálí DVD náà. Àmọ́ bí onílù ṣe dé, tí ijó gbóná, gbogbo ojú di búlọ́ọ̀kù. Màmá mi nawọ́ sí ẹnì kan: "Ta lèyí tó ń jó yìí?" Àǹtí Àgbà ni, ẹ̀gbọ́n wọn, ọmọ ìyá wọn, tí àwọn náà ti dolóògbé báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tẹlifíṣọ̀n ló fà á. Mi ò gbà.

Fídíò DVD kì í ṣe HD, kò sì lè jẹ́ ẹ. Dọ́ọ̀tì 720 lọ́nà 576 ni àwòrán rẹ̀. HD kíkún jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, ìlọ́po márùn-ún gééré. Blu-ray ni wọ́n ṣe fún ìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n 4K kàn ń méfò dọ́ọ̀tì tí kò sí níbẹ̀ ni.

Síbẹ̀, DVD tí wọ́n ṣe dáadáa kì í fọ́ sí búlọ́ọ̀kù. Ìfúnpọ̀ ló ba tiwa jẹ́. DVD onípele kan ń gba 4.7GB. Bí fíìmù wákàtí kan àbọ̀ bá dá ni ín, á rí bíi mẹ́gábíìtì 7 lò ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan. Àìsùn, ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, àríyá, wákàtí mẹ́fà gbáko ni oníkámẹ́rà wa rọ́ sórí àwo kan: 1.7 péré ló kù. (Ẹ rántí "20 in 1" tí wọ́n ń nà sí wa lójú fèrèsé mọ́tò ní Fìdítì, láàárín àwọn olọ́sàn? Bí fíìmù 20 bá pín 4.7GB, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ní rí tó 0.4. VCD àtijọ́ gan-an ń lo 1.15.)

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í jẹ dátà púpọ̀, torí ohun tó bá yí padà láti àwòrán kan sí èkejì ló ń gba àyè jù. Ijó, owó tí wọ́n ń ná sórí olólùfẹ́, léèsì oníhò wẹ́wẹ́, àwọn yẹn ló ń jẹ ẹ́. Ohun tó ń mú òde Yorùbá dùn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Pásítọ̀ tó dúró síbi kan, tó wàásù fún ogójì ìṣẹ́jú? Ó mọ́ kedere!

Mo pe oníkámẹ́rà. Ó ní 1080 lòun fi yà á, àmọ́ òun ti pa á rẹ́ lórí káàdì kóun lè fi ya ìgbéyàwó ẹlòmíì. Ìmọ̀ òfin ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà kò fàyè gba kéèyàn fi àkọlé tan oníbàárà jẹ. Ká ní mo pè é lẹ́jọ́, kí ni adájọ́ fẹ́ dá padà fún mi? Owó. Kò sẹ́ni tó lè yọ ojú Àǹtí Àgbà jáde nínú búlọ́ọ̀kù yẹn.

Àbúrò mi máa ṣègbéyàwó ní Fìdítì lóṣù Kejìlá. Mo ti ra háàdì díráìfù, mo sì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé oníkámẹ́rà tuntun máa da fáìlì tó yà gan-an sínú ẹ̀ kó tó gba ìdajì owó tó kù. Ó lóun ò rí irú oníbàárà báyìí rí. Ó ṣáà buwọ́ lù ú.