Ìdí tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu fi ń jó ní méjì-méjì

Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ní ìlú Selma lọ́dún 1965, apá ni wọ́n fi kọ́ apá tí wọ́n fi ń rìn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí a já ẹnì kan gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ijó agọ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́; oníjó rẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà dá wọ agbo: méjì-méjì ni wọ́n ń jáde, igi orí wọn jọra, aṣọ wọn bára mu. Ọkùnrin ló ń jó o, àmọ́ àwọn ìyá ni wọ́n ń jó o fún. Àwọn méjèèjì ò di ara wọn lọ́wọ́ mú, síbẹ̀ ohun tí ìyá ìlù bá sọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ jọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọ̀kan bá ṣáájú, ṣaworo irin tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ á tú u fó lójú gbogbo ọjà.

Èrò mi ni pé inú ìjà ni ìrẹ́pọ̀ yìí ti wá. Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ ní Kétu ni pé àwọn ọmọ Alákétu, ọba Kétu, kan tí wọ́n jẹ́ ìbejì du oyè lẹ́yìn bàbá wọn, tí ọ̀kan sì sá lọ sí ìlú Ìlobì. Ibẹ̀ ló ti dá ọgbọ́n agọ̀ tó fi dẹ́rù ba àwọn tó ń lé e. Àwọn òpìtàn fi ọ̀rọ̀ náà sí ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹlòmíràn á ní ìbejì lásán ni wọ́n ń ṣàfihàn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan, kí ló dé tí igi orí tó gbé ejò tàbí ẹyẹ náà fi ń ní ìkejì? Ìtàn kejì, èyí tó so Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ òrìṣà Yemọja, ò mẹ́nu kan ìjà oyè rárá, ṣùgbọ́n ọmọ méjì náà ló bí níbẹ̀: Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìtàn ìjà oyè ló wù mí jù, torí òun ló jẹ́ ká mọ ohun tí ijó náà ń tún ṣe.

Àtakò tó le jù ni pé ijó ò gba Kétu là. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1886, ogun Dàhòmì fọ́ ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey, olú ìlú Dàhòmì. Lọ́dún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tún fa ààlà tó ya Kétu kúrò lára Ìmẹ̀kọ, tó wà ní Nàìjíríà báyìí. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé ijó ń dá ogun dúró. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, àwọn tó kù padà wá tún ìlú wọn kọ́, wọ́n sì tún gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde. Títí dòní ni wọ́n ń jó o ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ, ààlà ò ya ìyẹn. Nígbà tí UNESCO kéde rẹ̀ lọ́dún 2001, tí wọ́n sì fi í sínú ìwé àjogúnbá aráyé lọ́dún 2008, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n kọ sí i: Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.