Gangwon: Ìpínlẹ̀ Kan Tí Ogun Là Sí Méjì

Púpọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ nípa Kòríà nítorí àwọn ìjọ ńláńlá tó wà ní Seoul, tàbí nítorí ọkọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n tó ń ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìpínlẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà ni a fẹ́ kí a jọ rìn dé. Gangwon ni orúkọ rẹ̀. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kan gbogbo ẹni tó mọ ohun tí ẹbí jẹ́: ogun là á sí méjì bí ẹni la obì, awẹ́ méjèèjì kò sì tíì padà pàdé.

Òkè, Odò àti Oúnjẹ

Ilẹ̀ olókè ni Gangwon. Bí a bá pín èyí tó wà lápá gúúsù sí ọ̀nà márùn-ún, igbó àti òkè ló gba nǹkan bíi mẹ́rin. Ọ̀wọ́ òkè Taebaek na gbalaja láti àríwá dé gúúsù, kò sì jìnnà sí òkun. Yeongseo ni wọ́n ń pe apá ìwọ̀-oòrùn òkè náà; Yeongdong ni wọ́n ń pe apá ìlà-oòrùn, níbi tí òkè ti rọ̀ wálẹ̀ dé etíkun. Láyé àtijọ́, ọ̀nà tóóró orí òkè, bíi ti Daegwallyeong, ni wọ́n ń gbà kọjá láti apá kan sí èkejì. Òkè Seoraksan, tó ga ní mítà 1,708, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rọ́ lọ wò nígbà tí ewé igi bá ń pọ́n. Bí òtútù bá sì dé, òjò dídì a bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ìlú Taebaek ni odò Han ti ṣẹ̀, odò yìí kan náà ló ṣàn gba àárín Seoul kọjá. Púpọ̀ nínú omi tí àwọn ará olú-ìlú ń mu, orí òkè Gangwon ló ti ń bọ̀.

Nítorí pé ilẹ̀ òkè kò gba ìrẹsì tó bẹ́ẹ̀, ọ̀dùnkún òyìnbó, àgbàdo àti ọkà kan tí wọ́n ń pè ní memil ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi tọ́ ọmọ. Wọn a lọ memil, wọn a fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe makguksu, oúnjẹ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sùpàgẹ́tì, tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Ìlú Chuncheon lókìkí fún un.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣàkóso Rẹ̀

Ní ọdún 1395 ni wọ́n sọ ìpínlẹ̀ náà ní Gangwon. Wọ́n mú ‘Gang’ láti ara orúkọ ìlú Gangneung, wọ́n mú ‘Won’ láti ara Wonju. Wonju ni àwọn gómìnà tí ọba ń rán wá jókòó sí fún nǹkan bí 500 ọdún. Chuncheon di olú-ìlú ní 1896, òun náà sì ni olú-ìlú apá gúúsù títí dòní.

Ìlú ńlá 7 àti ìjọba ìbílẹ̀ ìgbèríko 11 ló wà ní Gangwon ti gúúsù, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Láti 1995 ni wọ́n ti ń dìbò yan gómìnà wọn fúnra wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin pàtàkì kan fún wọn ní àṣẹ púpọ̀ sí i lórí ilẹ̀ wọn, nítorí pé òfin igbó, ti omi àti ti ológun ti dè wọ́n lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ìyá àti Ọmọ Lórí Owó

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí. Ní Gangneung ni wọ́n bí Shin Saimdang ní 1504. Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni, ó mọ ewì, ó sì mọ àwòrán yà: koríko, èso àti kòkòrò kéékèèké. Ní 1536 ó bí ọmọkùnrin kan, Yi I, tó di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí Kòríà bọ̀wọ̀ fún jù lọ. Ilé tí wọ́n bí i sí, Ojukheon, ṣì wà níbẹ̀. Lónìí, àwòrán ọmọ wà lórí owó 5,000 won. Ti ìyá wà lórí 50,000 won, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ná ní 2009. Owó ti ìyá ló tóbi jù!

Ní ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti ń ṣe ọdún Dano, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún bí wọ́n ṣe ń ka òṣùpá. Ètùtù fún òrìṣà òkè wà nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n ìjàkadì, jàǹgírọ́fà, àti omi ewé tí àwọn obìnrin fi ń fọ irun jẹ́ ti tọmọdé tàgbà. Àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2005.

Ìlà Tó Gba Àárín Ilé

Nígbà tí Japan pàdánù ogun ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, Amẹ́ríkà àti ìjọba Soviet fa ìlà kan sórí àwòrán ilẹ̀ Kòríà. Ìlà náà kò wojú òkè, kò wojú oko. Ó gba àárín Gangwon kọjá. Sokcho, Yangyang àti Cheorwon bọ́ sọ́wọ́ àríwá. Ní 1946, ìjọba àríwá mú ìlú Wonsan láti ìpínlẹ̀ Hamgyong tó múlé tì wọ́n, wọ́n fi ṣe olú-ìlú Gangwon tiwọn.

Àwa onígbàgbọ́ mọ Wonsan fún nǹkan mìíràn. Níbẹ̀ ni Robert Hardie, dókítà àti míṣọ́nnárì ará Kánádà, ti dìde níwájú àwọn ènìyàn ní 1903, tó jẹ́wọ́ pé ìgbéraga àti àìnígbàgbọ́ òun ló mú kí iṣẹ́ òun ní Gangwon kùnà. Ìjẹ́wọ́ yẹn ló tanná ran ìsọjí tó dé Pyongyang ní 1907.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1950. Nígbà tí ìbọn dákẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1953, ìlà ti yí padà: Sokcho, Yangyang àti apá kan Cheorwon ti wà lọ́dọ̀ gúúsù. Wọ́n fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́rin sáàárín, pẹ̀lú wáyà ẹlẹ́gùn-ún àti bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀. Àdéhùn àlàáfíà kò tíì sí di bí a ti ń wí yìí. Goseong àti Cheorwon, tí wọ́n jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, wà lápá méjèèjì pẹ̀lú orúkọ kan náà.

Àwọn tó sá wá láti Hamgyong dúró sí etíkun Sokcho, nítorí wọ́n rò pé láìpẹ́ àwọn yóò padà sílé. Wọ́n kọ́ ilé kéékèèké sórí iyanrìn. Abai ni wọ́n ń pe àdúgbò náà. Ní èdè Hamgyong, bí ẹni ń pe àgbàlagbà ọkùnrin ní Bàbá ni. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì ló ń gbé èrò sọdá omi lọ síbẹ̀. Wáyà irin ni wọ́n ń fọwọ́ fà tí yóò fi gúnlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé ti kú láìfojú kan ilé.

Láti 1988, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní gúúsù pé àwọn ń wá ẹbí àwọn lé ní 130,000. Ó ju ìdajì wọn lọ tó ti kú. Òkè Kumgang, ní Gangwon ti àríwá, ni ọ̀pọ̀ ti pàdé ẹbí wọn. Wọn a fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí díẹ̀ lójúmọ́. Níbẹ̀ ni ìyá tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ti dì mọ́ ọmọ tí òun náà ti di arúgbó. Oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn.

Ọdún 2018 yẹn náà ni ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù wáyé ní Pyeongchang, ní Gangwon ti gúúsù. Abẹ́ àsíá kan ni ọmọ gúúsù àti ọmọ àríwá gbà wọlé. Àwọn ọmọbìnrin wọn para pọ̀ gbá họ́kì orí yìnyín ní Gangneung. Wọ́n pàdánù ìdíje márààrún, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pínyà, ẹkún ni wọ́n sun.

Ìrètí náà ti tún ṣókùnkùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àríwá fi bọ́ǹbù fọ́ àwọn ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀, títí kan èyí tó gba etíkun Gangwon. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba gúúsù kéde pé àríwá ti ń wó ilé ìpàdé ẹbí tó wà ní Kumgang.

Ẹ̀yin ará, a kò sọ ìtàn yìí kí a lè káàánú àwọn ará Kòríà nìkan. Àwọn arúgbó ibẹ̀ ń wo òkè tí àbúrò wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò lè dé ibẹ̀. Nínú wa lónìí, ẹni kan wà tí kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọdún márùn-ún nítorí ilẹ̀ bàbá wọn, bẹ́ẹ̀ owó mọ́tò péré ló wà láàárín wọn. Kò sí sójà lójú ọ̀nà, kò sí wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ẹ dìde, ẹ lọ kí wọn nígbà tí ẹ̀mí ṣì ń bẹ.